Bí mo ṣe yan bọ́tìnnì tí òjò kò lè bàjẹ́ fún ẹ̀wù oníná àbúrò mi

Àbúrò mi ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, alẹ́ ló sì máa ń jáde jù, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ti dínkù. Ẹ̀wù tí mo fẹ́ ṣe fún un kò le rárá: ẹ̀wù aláìlápá, LED (iná kéékèèké) 20 nínú ọ̀pá sílíkóònù lẹ́yìn rẹ̀, Arduino Nano kan (kọ̀ǹpútà kékeré) tó ń pàṣẹ fún wọn láti inú àpótí ike, àti power bank. Iná á tàn pupa nígbà tó bá ń lọ, á máa ṣẹ́jú nígbà tó bá dúró gba èrò. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ohun tí yóò máa fọwọ́ tẹ̀. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, òjò lè ká ọlọ́kadà mọ́ ojú ọ̀nà nígbàkigbà. Èyí tí òjò kò bá sì rin, òógùn á rin ín. Òógùn ló tilẹ̀ burú jù, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń jẹ bàbà.

Mo lọ sí ọjà Alábà. Kò sí èyí tí mo mú lọ́wọ́ tí ẹni tó ń tà á kò sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, omi ò lè wọ inú ẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.” Nọ́ńbà IP, tó ń sọ bí ọjà ṣe lè fara da eruku àti omi tó, ni mo gbára lé ní tèmi. Nọ́ńbà méjì ló máa ń tẹ̀ lé lẹ́tà yẹn. Ti àkọ́kọ́ jẹ mọ́ eruku, 6 ló sì ga jù níbẹ̀: eruku kò lè wọlé rárá. Ti ìkejì jẹ mọ́ omi: 4 fara da omi tó ń ta sí i láti ìhà gbogbo, 5 fara da omi tí wọ́n fi rọ́bà fín sí i, 7 sì lè wà lábẹ́ omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ má rò pé 7 ti gba iṣẹ́ 5 mọ́ra o. Ìdánwò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohun tó yege nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́ lè má yege lábẹ́ òjò tó ń gbá ọlọ́kadà láyà lórí eré. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ méjèèjì, IP65/IP67, sára ọjà wọn, irú ìyẹn ni mo sì ń wá.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Lára bọ́tìnnì onírin tí à ń dè mọ́ àpótí, ojú rẹ̀ nìkan ni nọ́ńbà yẹn sábà máa ń bá wí, ìyẹn tí òrùka rọ́bà rẹ̀ bá jókòó dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí à ń jó wáyà mọ́ kò sí nínú àdéhùn. Ẹni tó ń ṣe àpótí ló máa dáàbò bo ibẹ̀.

Súwíìṣì tí à ń tì síwá sẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò, torí ihò gbọọrọ ojú rẹ̀. Nọ́ọ̀bù tí à ń yí náà kò yẹ: ọ̀pá rẹ̀ gba inú ihò kọjá, bó ti ń yí ni omi ń tẹ̀ lé e wọlé. Èyí tí a kàn ń fọwọ́ kàn ló dùn mí jù láti fi sílẹ̀, torí pé a lè bò ó pátápátá sábẹ́ ike. Ṣùgbọ́n ìka àti omi òjò kò yàtọ̀ sí ara wọn lójú rẹ̀. Mo da omi sórí ọ̀kan lórí tábìlì mi, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ó ń kú, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lójú títì lóru, ewu gidi nìyẹn.

Bọ́tìnnì tó dáa jù fún òjò, lójú tèmi, ni èyí tí kò ní ihò kankan. Reed switch àti òòfà ló ṣe é fún mi. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni reed switch, kò ju igi ìṣáná lọ, irin pẹlẹbẹ méjì sì wà nínú rẹ̀ tí ṣóńṣó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Tí òòfà bá sún mọ́ ọn, irin méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra, iná á kọjá. Tó bá kúrò, wọ́n á tú ká. W. B. Ellwood ló ṣe é ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà ní 1936, òun náà ló ṣì wà lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé tí wọ́n fi aláàmù sí. Òòfà ń ṣiṣẹ́ gba ara ike kọjá, nítorí náà a lè dí àpótí pa.

Ṣùgbọ́n kò lè gbé iná púpọ̀. LED WS2812, irú èyí tí mo lò, ọ̀kan lè mu tó 60 mA tó bá tàn funfun tán (A ni a fi ń wọn bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó, mA 1,000 ló wà nínú A kan); 20 rẹ̀ á fẹ́ 1.2 A, reed switch tí mo rà kò sì gbà ju 0.5 A lọ. Mo kàn jẹ́ kó máa fi àmì ránṣẹ́ sí Arduino ni. Fún títan gbogbo rẹ̀ àti pípa á, mo lo bọ́tìnnì onírin mm 12 tó lè gbé 2 A. Mo fi sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí ojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, kí omi má baà dúró lé e.

Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ reed switch, ìyẹn irin tó yọ síta ní orí rẹ̀ méjèèjì, kó lè wọ́. Tí ẹ bá fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́, agbára náà máa dé ara ìgò, á sán, ẹ sì lè má rí i. Mo fi píláyà di ẹsẹ̀ náà mú láàárín ìgò àti ibi tí mo fẹ́ tẹ̀, mo wá fi ìka tẹ èyí tó yọ síta. Sílíkóònù ni mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri àpótí nínú. Èyí tó bá ń rùn fínígà, ẹ má rà á, ásíìdì rẹ̀ á jẹ bàbà.

Mo wá gbé mítà tí à fi ń yẹ iná wò sí i, èyí tó máa ń ké tí iná bá kọjá, mo ń fa òòfà lọ bọ̀ lára àpótí. Tí òòfà bá na síbi tí ìgò na sí, mítà á ké kíá; tí mo bá kọ orí rẹ̀ sí àárín ìgò gan-an, kò ké. Mo fi bírò sàmì sí ibi tó dáa jù, mo sì lẹ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀ kí ìka lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Òòfà náà wà nínú awọ tí mo rán pọ̀, okùn ló so ó mọ́ ẹ̀wù. Ìbàdí òsì ni àpótí wà, kó jìnnà sí àpò àyà, torí òòfà wà nínú sípíkà fóònù, ó sì lè yí iná padà. Nínú kóòdù, mo ní kí Arduino má ka àmì tí kò bá tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kí gbígbọ̀n ọ̀kadà má baà tàn án jẹ.

Wáyà tó ń jáde gba inú gílándì PG7, ìyẹn ìdérí tó ń fún wáyà mọ́ ihò kí omi má baà wọlé. Mo jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí omi tó ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí n tó kó nǹkan sínú àpótí, tíṣù ni mo kó sí i, mo dì í pa, mo tẹ̀ ẹ́ sínú garawa omi, mo tún fi rọ́bà fín in. Tíṣù gbẹ. Ìdánwò tó sọ òtítọ́ jù ni èyí tó tẹ̀ lé e: mo gbé e sí oòrùn ọ̀sán títí ó fi gbóná, mo wá tì í bọ omi tútù lójijì. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á máa fa omi gba ibi tó bá rọ̀, bí òjò ọ̀sán ṣe máa ń ṣe é lójú títì. Tíṣù rin díẹ̀ lábẹ́ ìdérí. Mo fi gíríìsì sílíkóònù pa òrùka rọ́bà ìdérí, mo tún ìdánwò náà ṣe, ó gbẹ. Mo sì fi àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, sínú rẹ̀.

Òjò ti pa ẹ̀wù náà dáadáa báyìí, iná rẹ̀ kò ṣe ségesège. Ohun kan ṣoṣo tí àbúrò mi béèrè ni okùn òòfà: “Bọ̀dá mi, ó kúrú, tí mo bá wọ ìbọ̀wọ́ kì í tètè bọ́ sí mi lọ́wọ́.” Mo ti fi kún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ àpò tó ń fa omi, tó sì ń fi aṣọ tútù nu iyọ̀ òógùn kúrò lójú bọ́tìnnì onírin tó bá ti wọlé.