Bí Mo Ṣe To Ètò Rédíò Hank Williams ti Ọdún 1951 ní Odindi

Ní ọdún 1951, ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, bí aago méje bá ti kọjá ìṣẹ́jú 15, ilé-iṣẹ́ rédíò WSM ní ìlú Nashville, ìpínlẹ̀ Tennessee, a máa gbé ètò oníṣẹ́jú 15 kan sáfẹ́fẹ́. Hank Williams, olórin country ọmọ Amẹ́ríkà, ló ń kọrin nínú rẹ̀, àwọn tí ń ṣe fúláwà Mother's Best ló sì ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ètò 72 ni ó ṣẹ́ kù lónìí nínú wọn. Iṣẹ́ tí mo ṣe ni pé mo kó gbogbo wọn sórí kọ̀ǹpútà, mo pín wọn ní ètò kọ̀ọ̀kan bí àwọn olùgbọ́ ìgbà náà ṣe gbọ́ wọn, mo sì kọ ìwé atọ́nà tí yóò jẹ́ kí ẹlòmíràn lè mú èyíkéyìí nínú wọn láìwá a kiri.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí àwọn àwo náà fi wà rárá. Láti ìgbà tí Hank ti wọ Grand Ole Opry, ètò orin country tí WSM ń gbé sáfẹ́fẹ́, ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ojú ọ̀nà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí bí olórin ṣe lè máa ṣeré káàkiri ìpínlẹ̀ tí yóò sì tún wà nídìí gbohùngbohùn ní Nashville láràárọ̀. Nígbà tí ó bá wà nílé, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Drifting Cowboys, á ṣe ètò mélòó kan tẹ̀lé ara wọn, wọn á sì gbẹ́ wọn sórí àwo kí rédíò lè rí nǹkan lù nígbà tí wọ́n bá ti kúrò nílùú. Àwo náà fẹ̀ ju rẹ́kọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ lọ: ìǹṣì 16 ni láti etí kan dé èkejì, irin alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tí a fi ọ̀dà dúdú kùn. Abẹ́rẹ́ ń gbẹ́ ìlà sínú ọ̀dà náà bí olórin ṣe ń kọrin lọ́wọ́, ojú kan rẹ̀ sì gba odindi ètò kan. Ọ̀dà yìí rọ̀ gan-an. Ìgbàkígbà tí a bá lù ú ni abẹ́rẹ́ ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ bá sì ti ń gorí ọjọ́, epo inú rẹ̀ á máa yọ síta bí èérú funfun, ọ̀dà náà á súnkì, á sì máa ṣí kúrò lára irin.

Kò sí ẹni tí ó rò pé irú àwo bẹ́ẹ̀ yóò wúlò lẹ́yìn tí a bá ti gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́. Àárín ìdọ̀tí tí wọ́n fẹ́ dà nù ni Les Leverett, ayàwòrán ilé-iṣẹ́ WSM, ti rí wọn, tí ó sì ṣà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ dé. Ilé-iṣẹ́ Polygram, tí ó jogún ìwé àdéhùn MGM, ilé-iṣẹ́ àwo tí Hank ń kọrin fún, sọ pé òun ló ni àwọn ohùn náà. Àwọn ọmọ Hank méjèèjì, Hank Williams Jr. àti Jett Williams tí a bí ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ní ètò rédíò kò sí nínú ohun tí bàbá àwọn fọwọ́ sí fún MGM. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti ìpínlẹ̀ Tennessee dá àwọn ọmọ láre ní ọdún 2006. Ilé-iṣẹ́ Time Life gbé síídì mẹ́ta jáde ní 2008, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ jáde ní 2010: síídì 15, nínú àpótí tí a ṣe bí rédíò àtijọ́.

Síídì mẹ́ta ti ọdún 2008 ni mo kọ́kọ́ ní. Láti inú oríṣiríṣi ètò ni wọ́n ti yọ àwọn orin ibẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n bí ìgbà tí a bá to àwo orin lásán. Ó dùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni mo ń ní ìmọ̀lára pé wọ́n ti yọ eegun kúrò nínú ẹran náà. Kí ni ó sọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ orin yìí? Ta ni ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn? Nígbà tí síídì 15 tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo pinnu pé orin kan kò ní dá dúró ní ọ̀dọ̀ mi. Ètò ni yóò jẹ́ ẹyọ kan, fúláwà àti gbogbo rẹ̀.

Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, ni mo lò, nítorí a kì í sanwó fún un, ó sì jẹ́ kí a lè fi àmì sí ibi tí a bá fẹ́ lórí ohùn láìgé e. Mo gbé síídì kọ̀ọ̀kan wọlé, mo so àwọn fáìlì rẹ̀ pọ̀, mo sì ń tẹ́tí sí i láti wá ibi tí ètò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Èyí kò le, nítorí ètò náà ní ìlànà tí kì í sábà yẹ̀. Hank á kọ ẹsẹ kúkúrú kan láti fi yin ọmọbìnrin tí búrẹ́dì kékeré rẹ̀ pọ́n rẹ́gírẹ́gí nítorí Mother's Best ni ó fi ṣe é. Louie Buck, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ètò náà, á kí gbogbo ènìyàn. Orin àkọ́kọ́ á tẹ̀ lé e. Ìpolówó á wọlé. Àwọn Drifting Cowboys á fi fáyólìnì tàbí gìtá dá bírà, tàbí kí Audrey, ìyàwó Hank, kọ orin kan. Lẹ́yìn náà ni orin ìsìn, èyí tí wọ́n fi ń kádìí ètò. Hank á wá dágbére pé àwọn yóò tún pàdé bí Olúwa bá fẹ́ tí odò kò bá sì kún.

Ibi ìpolówó ni mo ti pẹ́ jù, inú mi sì dùn pé mo pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ètò onígbọ̀wọ́ lórí rédíò wa nílé, níbi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ń fi àpárá ta ọṣẹ àti àgbo, yóò mọ ohun tí Hank àti Buck ń ṣe lójú ẹsẹ̀. Àwọn olùgbọ́ wọn jẹ́ àgbẹ̀ àti ìyàwó ilé tí wọ́n ti jí tipẹ́, WSM sì ní agbára wáàtì 50,000, nítorí náà ohùn rẹ̀ ń dé ọ̀nà jíjìn. Hank kì í ka ìpolówó bí ẹni tí a fi ipá mú. Ọmọ Alabama ni, ìlú Decatur ní ìpínlẹ̀ yẹn gan-an sì ni ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń lọ fúláwà náà. Ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ó jẹ ẹ́ láàárọ̀ yẹn. Nínú ìwé atọ́nà mi, mo kọ ẹni tí ó polówó àti ohun tí ó polówó síwájú ètò kọ̀ọ̀kan, nítorí kì í ṣe fúláwà nìkan: oúnjẹ ẹran ọ̀sìn náà wà níbẹ̀.

Títò wọn ní ìtẹ̀léra ọjọ́ ni ó gba làákàyè. Mo lo ohun tí wọ́n sọ nípa ibi tí wọ́n ti ṣeré tàbí ibi tí wọ́n ń lọ, mo sì lo ìgbà tí àwo orin tí wọ́n kọ nínú ètò jáde: “Cold, Cold Heart” ní oṣù kejì ọdún 1951, “Hey, Good Lookin'” ní oṣù kẹfà. Ẹ̀rí kejì yìí kò tó láti dá gbé ẹrù, nítorí olórin lè kọ orin lórí rédíò kí àwo rẹ̀ tó jáde. Nítorí náà, ètò tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò bá ti déètì lẹ́yìn, nọ́ńbà nìkan ni mo fún un.

Ohùn àwọn síídì náà ti gba ìtọ́jú, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Kásẹ́ẹ̀tì kan tí ojúlùmọ̀ mi kan ní Ìbàdàn fún mi ni ó nílò iṣẹ́; apá kan ètò rédíò mìíràn tí Hank ṣe ní ọdún 1949 ni ó wà nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń sáré. Iná mànàmáná Amẹ́ríkà a máa kùn ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kíkùn náà sì lè wọnú ohùn tí a gbà sílẹ̀. Nígbà tí mo wo àwòrán ohùn náà lórí kọ̀ǹpútà, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ lókè ibi tí ó yẹ kí ó wà, mo sì ń dẹ eré kásẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀díẹ̀ títí ìlà fi jókòó sórí 60. Ìlà mìíràn wà nísàlẹ̀, nítòsí 50: ìyẹn jẹ́ ti iná tiwa níbi tí wọ́n ti dà á kọ. NEPA náà ti fọwọ́ sí i.

Orin 143 ni ó wà nínú àwọn ètò Mother's Best, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Hank kò sì kọ fún MGM rárá. “Cool Water” wà níbẹ̀, “On Top of Old Smoky” wà níbẹ̀. Lójú tèmi, àwọn orin ìsìn ló borí. Lórí àwo títà, Hank dá dúró síwájú. Níbí, àwọn Drifting Cowboys á kóra jọ yí i ká, wọn á máa gbè é, Don Helms á sì máa fa okùn gìtá onírin rẹ̀ lábẹ́ ohùn wọn. Nígbà mìíràn, ohùn ọ̀kan á pẹ́ wọlé, tí ẹnìkan á sì rín ẹ̀rín díẹ̀ lẹ́yìn orin. Ẹni tí ó bá gé orin náà dá dúró yóò gé ẹ̀rín náà dànù.

Mo fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ ní fáìlì FLAC, tí kì í jẹ nínú ohùn, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì, mo sì fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan kí kọ̀ǹpútà má baà dà wọ́n rú. Hank tún ṣe ètò rédíò mẹ́jọ mìíràn ní oṣù kẹwàá ọdún 1949, ṣáájú ti Mother's Best; àwọn náà ní àpò tiwọn. Hadacol ni onígbọ̀wọ́ wọn, oògùn inú ìgò tí ọtí kó ìdá 12 nínú 100 rẹ̀, tí Dudley LeBlanc, sẹ́nétọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ń tà. “Happy Rovin' Cowboy” ni ó ń ṣí wọn, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ fún ìpolówó kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan lè sọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò lè fi mẹ́jọ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀, nítorí ibi tí ètò ti ṣẹ́ hàn kedere nínú wọn, kí ó tó dojú kọ 72.