Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí ìjọba bá gbé ọ̀nà, ọjà tàbí pápákọ̀ òfurufú lé aládàáni lọ́wọ́

Owó àpò ìjọba kò tó iṣẹ́ ìlú mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn gómìnà fi ń wá olówó tí yóò bá wọn lànà, tí yóò sì gba owó rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Àbújá ṣòfin rẹ̀ ní 2005, wọ́n sì gbé àjọ ICRC kalẹ̀ ní 2008 láti máa mójú tó irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Èyí tó yọrí sí rere wà níbẹ̀: èbúté ńlá Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní 2023 kì í ṣe àwàdà. Àmọ́ àwọn àṣìṣe kan wà tí a ò yé ṣe.

Ẹ má ṣe gbà pé ọ̀fẹ́ ni. “Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀” ni wọ́n máa ń sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gé ríbọ́nù. Báńkì ni aládàáni ti yáwó, báńkì ń gba èlé, òun náà sì fẹ́ jèrè. Ẹni tó ń gba ọ̀nà kọjá ni yóò san án, tàbí kí ìjọba fi owó orí wa san án.

Ẹ wo ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Ní 2006 ni ìjọba Èkó tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú LCC, ilé-iṣẹ́ aládàáni tí yóò ṣe ọ̀nà náà tí yóò sì máa gba owó lórí rẹ̀, ọgbọ̀n ọdún gbáko. Báńkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà yá wọn ní mílíọ̀nù 85 dọ́là sí i. Nígbà tí tóògéètì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2011, ará àdúgbò fárí gá. ₦120 ni ọkọ̀ kékeré ń san. Àlọ àti àbọ̀ di ₦240. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ méjìlélógún lóṣù yóò san ₦5,280, lọ́dún tí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ ₦18,000. Wọ́n ní ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí kò bá fẹ́ sanwó, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn ń pariwo lé lórí gan-an ni pé ọ̀nà ọ̀hún kò ṣeé gbà. Ojú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti wọ́. Kí ọ̀nà ọ̀fẹ́ ti dára kí tóògéètì tó ṣí, kì í ṣe lẹ́yìn ìwọ́de.

Ní 2013, Gómìnà Fáṣọlá ra àdéhùn náà padà. Tóògéètì kò kúrò ńlẹ̀ o. Gbèsè ló pààrọ̀ ọwọ́.

Èyí tó tún burú ni kí wọ́n yá dọ́là sórí ọ̀nà tó jẹ́ pé náírà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Lọ́dún 2011, dọ́là kan lé díẹ̀ ní ₦150. Kí 2023 tó parí, ó ti kọjá ₦700. Ta ló máa ru àdánù yẹn? Bí ìwé àdéhùn kò bá dáhùn, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ má sì fi ọdún àdéhùn ṣe ohun àgbọ́sọ. Láti ìgbà tí MMA2, ilé èrò ọkọ̀ òfurufú tí aládàáni kọ́, ti ṣí ní Ìkẹjà ní 2007 ni FAAN, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pápákọ̀ òfurufú, ti ń sọ pé ọdún méjìlá ni àdéhùn rẹ̀, tí Bi-Courtney, ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ, ń sọ pé mẹ́rìndínlógójì ni. Ilé ẹjọ́ ló wá ń bá wọn ka ọdún.

Bi-Courtney kan náà ni wọ́n gbé ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn fún ní oṣù Karùn-ún 2009, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, iṣẹ́ tó lé ní bílíọ̀nù 89 náírà. Oṣù Kọkànlá 2012 ni ìjọba àpapọ̀ gbà á padà, tí wọ́n pín in fún Julius Berger àti RCC, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀nà. Bi-Courtney kò gbà pé ẹ̀bi òun ni. Ẹ̀bi ta ni o, ọdún mẹ́ta àbọ̀ ni àwa tí à ń kó sínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ yẹn fi dúró. Kí àdéhùn ní ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò sí, kí ìwé náà kú fúnra rẹ̀.

Ó ku ọjà, tí kì í sábà wọ ìwé ìròyìn. Iná jó Tẹ̀júoṣó ní Yábàá ní 2007, aládàáni tún un kọ́, wọ́n ṣí i ní 2014. Ilé náà rẹwà, ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù ju agbára ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kan ọjà yín, kí orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìsọ̀ níbẹ̀ àti iye tí wọn yóò san bí wọ́n bá padà ti wà nínú ìwé kí katakata tó ń wó ilé tó dé, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ ìyálọ́jà.