Bí mo ṣe mọ̀ bóyá páwà báǹkì mi pé 20,000mAh
Páwà báǹkì tí mo rà ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, 20,000mAh (mAh ni wọ́n fi ń ka iye iná tí bátìrì lè gbà pamọ́) ni wọ́n kọ sí i lára, àmọ́ kì í chájì fóònù 5,000mAh mi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo bá ra mítà USB kékeré tó máa ń ka iye iná tó bá gba inú ẹ̀ kọjá, mo chájì páwà báǹkì náà kún, mo ki mítà bọ̀ ọ́, mo fi gílóòbù USB fa iná ẹ̀ títí tó fi kú (ẹ má lo fóònù o, tó bá ti ń kún ló máa ń dín iná tó ń gbà kù). 12,600mAh ni mítà kà. Ojúlówó ṣì ni jàre! 3.7V ni wọ́n fi ka bátìrì inú ẹ̀, 5V ló ń gbé jáde, 20,000 yẹn di 14,800 (20,000 × 3.7 ÷ 5) nìyẹn, ooru á tún jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ti àbúrò mi tí wọ́n kọ 50,000 sí, iye tí mítà kà ò tó 6,000, ó ti gbé e padà fún ẹni tó tà á.