Bí Ohùn Kò Bá Bá Ẹnu Mu Nínú Àwo Fídíò Tí A Bọ́ọ̀nù Nílé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ará ilé ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀,

Ẹni tó ń fi àwo fídíò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́ fún gbígbìn gbọ́dọ̀ máa rí ọwọ́ olùkọ́, kó sì máa gbọ́ àlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àdá bá ti gé igi tán kí ohùn tó sọ ibi tó yẹ ká gé, ẹ̀kọ́ ti bọ́ nìyẹn. Àwo ìgbéyàwó náà ńkọ́? Ó máa ń dunni bí àdúrà àwọn òbí kò bá bá ẹnu wọn mu.

Ẹ kọ́kọ́ fi àwo tí ẹ rà lọ́jà sínú ẹ̀rọ yín. Bí òun náà kò bá bára mu, àwo tí ẹ bọ́ọ̀nù (tí ẹ fi kọ̀ǹpútà kọ fídíò sí) kò jẹ̀bi. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní máa ń tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde, ìyẹn sì ń gba àkókò díẹ̀. Ohùn tó gba inú home theatre (ẹ̀rọ agbóhùnjáde tí a so mọ́ tẹlifíṣọ̀n) kì í dúró dè é. Ẹ wá Audio Delay tàbí Lip Sync nínú ètò home theatre, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún lè yí tẹlifíṣọ̀n sí Game Mode, kó lè dín àtúnṣe àwòrán náà kù.

Bí tọjà bá dára, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí tiyín. Ẹ wá ibi tí nǹkan ti kan nǹkan: ọmọ odó nínú odó, tàbí kọ̀ǹgọ́ lára awọ ìlù nínú fídíò ọdún Ọ̀ṣun. Ṣé àlàfo náà dúró bákan náà, àbí ó ń fẹ̀ sí i? Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù.

Bí ó bá dúró bákan náà, ẹ fi VLC, ètò tí a fi ń wo fídíò, wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Bí ohùn bá ṣáájú, ẹ tẹ K. Bí ó bá kẹ́yìn, ẹ tẹ J. Ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 milliseconds (1,000 milliseconds ni ìṣẹ́jú-àáyá kan). VLC kò tún àwo ṣe o. Iye tó bá hàn lẹ máa sọ fún ẹni tó bá yín ṣe fídíò náà, kó lè sún ohùn sí àyè rẹ̀.

Bí ó bá ń fẹ̀ sí i, iye fírémù, ìyẹn iye àwòrán tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ló sábà máa ń fà á. Fóònù kì í sábà ya iye kan náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ DVD PAL (irú ìlànà fídíò tí à ń lò ní Nàìjíríà) ń fẹ́ 25 gééré. Ìyàtọ̀ kékeré ń di ńlá: bí a bá fi 29.97 ṣe fídíò tó jẹ́ 30, àlàfo á tó ìṣẹ́jú-àáyá 3.6 láàárín wákàtí kan. Ẹ fi HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, sọ fídíò náà di 25, kí ẹ yan Constant Framerate (kí iye fírémù má yí padà), kí ẹ sì fi Samplerate ohùn sí 48 kHz. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ ṣe DVD tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fáìlì àtijọ́ bọ́ọ̀nù àwo mìíràn. Inú fáìlì ni àléébù wà, owó àwo lẹ máa pàdánù.

Bí ó bá jẹ́ pé ó ń há, tó ń fò, kí ohùn tó yà, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu àwo láti àárín lọ sí etí, ẹ má nù ún yíká. Bí kò bá gbọ́, ẹ tún un bọ́ọ̀nù ní ìyára 4x, kó má yára jù. Ẹ má sì pa fídíò ìpilẹ̀ rẹ́ lórí fóònù títí ẹ ó fi wo àwo tuntun náà dé òpin.