Bí ẹ ṣe lè dá ìdàrọ́ mọ̀ tẹ́ ẹ bá rí i lóko

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń roko tàbí gbẹ́ fáńdéṣọ̀n lápá Ọ̀yọ́, òkúta dúdú tó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ yẹn, tẹ́ ẹ fi ń dí kòtò ọ̀nà, ẹ rọra ná o. Ó lè jẹ́ ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtírí tó ṣẹ́ kù níbi táwọn baba wa ti ń yọ irin lára òkúta.

Ẹ mú ẹyọ kan tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá fi ha ẹ̀yìn táìlì níbi tí ò dán. Yangí máa fi ilà pupa sílẹ̀, ìdàrọ́ ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀ máa dúdú, ihò kéékèèké á wà níbẹ̀, ojú ẹ̀ á dà bí ẹ̀kọ gbígbóná tó dà sílẹ̀ tó wá dì. Ó ṣàn lóòótọ́ ni. Irin fúnra ẹ̀ ò lè yọ́ àfi tíná bá tó 1538°C, ìléru alámọ̀ ò sì sábà ju nǹkan bíi 1200 sí 1300 lọ, torí náà ìdọ̀tí inú òkúta ló ń yọ́ jáde, irin á wá ṣẹ́ kù sínú, ó di ìṣù irin oníhò ihò tí wọ́n ṣì máa lù dáadáa kó tó wúlò.

Tó bá jẹ́ òkìtì ńlá lẹ rí, ibi ìléru nìyẹn. Tó bá kéré, tó rí pẹrẹsẹ lókè tó rí bí ìdí igbá nísàlẹ̀, ó lè jẹ́ àgbẹ̀dẹ. Ẹ yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú spíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ fà á lórí ilẹ̀ gbígbẹ: èépá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ló máa ń ta jáde tí ọmọ owú bá ba irin pípọ́n. Yanrìn dúdú náà máa ń lẹ̀ o, àmọ́ ìyẹn ò rí pẹlẹbẹ.

Tẹ́ ẹ bá rí páìpù amọ̀ tó fọ́, ẹ má yára sọ pé ẹ̀wìrì ni. Ìléru ẹ̀bá Ọ̀yọ́ tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1904 ò lo ẹ̀wìrì, afẹ́fẹ́ ló ń gba páìpù wọlé fúnra ẹ̀.

Ẹ má walẹ̀. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ yà á, ẹ tọ́jú lokéṣọ̀n ẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ pe àwọn mùsíọ́mù. Èyí tí èédú bá há sínú ẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá, èédú yẹn ni wọ́n fi ń mọ ọdún tí wọ́n dáná níbẹ̀.