Ẹ̀yin Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ Jáàsì, Ẹ Má Ṣe Báyìí Mọ́

Òkè-Fìà níbí, ní Òṣogbo, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní orin jáàsì. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ iye tí wọ́n ti ná kí wọ́n tó wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀.

Èkíní, ẹ má ra maikirofóònù olówó gọbọi kí ẹ tó mọ kíì, ìyẹn ìpele òkè tàbí ìsàlẹ̀ tí a ti ń kọ orin, tó bá ohùn yín mu. Kíì tí olórin kan lò nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kò pọn dandan fún yín. Ẹ jẹ́ kí oníkíbọ́ọ̀dù sún un sókè-sódò títí yóò fi rọ̀ yín lọ́rùn.

Èkejì, ẹ má dárà, ìyẹn kí ẹ máa hun nǹkan tuntun lójú ẹsẹ̀, sórí orin tí ẹ kò tíì mọ̀ délẹ̀.

Ẹ̀kẹta yìí ló ń bí mi nínú jù lọ. Wọn á gbọ́ Ella Fitzgerald, gbajúmọ̀ olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà, wọn á há gbogbo "dúbì dúbà" rẹ̀, àwọn ìró tí kò nítumọ̀ tó fi ń dárà, sórí, wọn á bọ́ sórí pèpéle, wọn á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, wọn á ní àwọn ń dárà. Àrà Ella nìyẹn, kì í ṣe tiwọn! Ọmọbìnrin kan tiẹ̀ sanwó fún olùkọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó lè há a sórí. Lálẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ lò ó, onísasofóònù fa àrà tirẹ̀ gùn, àwọn yòókù sì bá a lọ. Ọmọ náà ò mọ ibi tí orin dé mọ́. Ohùn rẹ̀ mà dára o.

Ní Berlin lọ́dún 1960, Ella gbàgbé ọ̀rọ̀ orin láàárín agbo. Ó hun ọ̀rọ̀ tuntun lójú ẹsẹ̀, ó sín Louis Armstrong, olórin jáàsì ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, jẹ, kò sì já lulẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù ọjọ́ náà gba ẹ̀bùn Grammy. Ó mọ egungun orin ni: ibi tí kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tí a ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ti ń yí, ibi tí ẹsẹ ti ń parí. Ẹ wo oníyàálù dùndún níbi ọdún Ọ̀ṣun: ó ń sọ̀rọ̀, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà lára gúdúgúdú.

Nítorí náà, ẹ kọ orin ní ṣákálá títí yóò fi mọ́ yín lára. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ohun kan ṣoṣo: ẹ fa ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn. Ohùn Billie Holiday, olórin jáàsì mìíràn, kò fẹ̀ púpọ̀, síbẹ̀ bó ṣe ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé lẹ́yìn ìlù ló ń sọ orin di tirẹ̀. Ìgbà tí èyí bá gún régé ni kí ẹ tó fọwọ́ kan ohùn orin fúnra rẹ̀, bó ṣe ń ròkè tó ń ròdò.

Ẹ má dí gbogbo àyè. Ẹ jẹ́ kí fèrè dáhùn.

Bí ẹ bá sì ń fi Yorùbá dárà, kí orin máa bá ohùn ọ̀rọ̀ lọ. Bí ó bá gbòdì, àwọn tó jókòó yóò gbọ́ ohun tí ẹ kò sọ.

Ẹ tún máa ka ọ̀rọ̀ orin síta bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ ọ́. Mo ti rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú orin ìkọ̀sílẹ̀. Tí ẹ kò bá mọ ẹni tí ẹ ń bá wí nínú orin náà, ẹ mú òmíràn.