Bí Mo Ṣe Kọ Eré Adigunjalè Tó Forí Ṣánpọ́n ní Broad Street

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń darí eré ní Sùúrùlérè ló pè mí pé kí n kọ eré kúkurú kan fún òun: adigunjalè mẹ́rin ya wọ báńkì ní Broad Street, nǹkan sì yíwọ́. Ó ní òun fẹ́ ìbọn, òun fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Mo ní, "Kò sí wàhálà, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá ohun tó máa da ètò wọn rú."

Nínú ọ̀pọ̀ eré wa, ọlọ́pàá ọlọgbọ́n kan ló máa ń tú àṣírí olè. Ìyẹn ti sú mi. Èkó nìkan ti tó láti yọ olè lẹ́nu.

Ilẹ̀kùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kúkú mọ ilẹ̀kùn báńkì wa, tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan, tó máa ń sé èèyàn mọ́ àárín tó bá ti gbóòórùn irin. Mo lọ dúró lódìkejì títì, mo ń wò ó. Ìyá kan wọ inú rẹ̀, tẹ̀yìn pa dé, tiwájú kọ̀ kò ṣí. Ìyá ń ti gíláàsì, sẹ̀kúrítì ń fọwọ́ júwe fún un pé kó padà, kó yọ kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ojú ìyá yẹn ni mo gbé fún Ràsákì, olè tó fi ìbọn sábẹ́ agbádá. Òun ló ṣáájú, òun ló há. Àwọn yòókù wà níta, wọn ò lè wọlé, wọn ò sì lè fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó yìnbọn lu gíláàsì. Sẹ̀kúrítì tó ń fọwọ́ júwe ló kọ́kọ́ kú.

Láti ibẹ̀ lọ, mo ń ka ọta. Ilé ọta AK-47 tó wọ́pọ̀, 30 ló ń gbà. (Eré tí ìbọn ti ń ró láìdákẹ́ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.) Ti Ràsákì tán kó tó dé ìdí owó.

Owó náà tún wúwo. Mílíọ̀nù kan náírà, tó bá jẹ́ ₦1,000, ó máa tó kìlógíráàmù kan. Tó bá jẹ́ ₦500, ìlọ́po méjì. Mo wá fún wọn ní 60 mílíọ̀nù, ₦500 ni gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ. Ẹ gbé e sáré ká wò ó!

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí wọ́n gba orí omi sá, bíi ti àwọn tó ja báńkì ní Lẹ́kí lọ́dún 2015. Mo ní rárá, Afárá Carter ni wọ́n máa gbà, nírọ̀lẹ́ Friday. Ní Ìdúmọ̀tà, ọkọ̀ ò lọ, ọkọ̀ ò bọ̀. Ẹni tó gbé àpò owó ò lè sáré, ẹni tó lè sáré ò fẹ́ fi owó sílẹ̀. Ni wọ́n bá kọjú ìbọn síra wọn.

Ẹ̀gbọ́n gbà á. Àárọ̀ Sunday la máa yà á, nígbà tí Broad Street bá dá, a ó sì ti kọ̀wé sí ọlọ́pàá ṣáájú. Ó wá ku sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ: àwọn onídánfó la máa sanwó fún kí wọ́n wá dí ọ̀nà.